Kókó Kan fún Pupa

Ẹ wo Làtíìfù Àjíṣafẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ó sì nà gbalaja lábẹ́ tábìlì nínú yàrá kejì ilé rẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó há tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń fi ìka tọ wáyà kiri. Orúnkún ń ro ó, ẹ̀yìn ń ro ó, síbẹ̀ ó kọ̀, kò jáde. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń wá ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ká ní ẹlòmíì ni, ì bá ti pa iná kó lọ mu tíì. Ṣùgbọ́n alágídí ni bàbá yìí, mi ò ní bá a fi bò.

Ojú irin ló wà lórí tábìlì yẹn, àwọn ọkọ̀ rélùwéè kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló sì ń rìn lórí rẹ̀. Ó yí gbogbo yàrá ká. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá lábẹ́ fèrèsé, ó dé Òṣogbo níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá parí sí Ọ̀fà ní kọ̀rọ̀. Àsúmáù ìyàwó rẹ̀, tó ti ránṣọ fún ìdajì Peckham kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi ègé aṣọ ṣe igi àti koríko sí i. Yàrá Àmínát ọmọ wọn ni yàrá náà tẹ́lẹ̀, kó tó lọ sílé ọkọ.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí Òṣogbo fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1976, Làtíìfù ń gbálẹ̀ nínú ọkọ̀ rélùwéè tó ń lọ sókè láti Ìdó. Kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá ló wù ú o. Awakọ̀ ló fẹ́ jẹ́. Ó ti yege ìwé kíkà, ó ti yege ìṣirò, ó kù kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ọ̀gá kan ní Èbúté Mẹ́tta da ìdì òwú wúlù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó ṣa aláwọ̀ ewé jáde. Ó ṣà á. Ọ̀gá wo ohun tó ṣà, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọkùnrin, ṣé o fẹ́ pa èèyàn ni?" Ibẹ̀ ni Làtíìfù ti mọ̀ pé pupa, àwọ̀ ewé àti búráùn, ẹrẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn lójú òun. Wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ wọn tó ń gòkè àti ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ pàdé l'Óṣogbo. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti máa ń yà fún ara wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó lójú fèrèsé ọkọ̀ kejì. Làtíìfù ra ìbẹ́pẹ, ó nawọ́ rẹ̀ sí i láti ojú fèrèsé tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà yẹ ìbẹ́pẹ wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ìbẹ́pẹ yìí ò tíì pọ́n rárá. Àbí ojú yín ò ríran ni?" Àsúmáù nìyẹn, Ọ̀fà ló ti ń bọ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí Làtíìfù sọ òótọ́ nípa ojú rẹ̀ fún, kódà kó tó sọ orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, Àsúmáù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú ìránṣọ so kókó fún un. Kókó kan, pupa. Kókó méjì, àwọ̀ ewé. Kókó mẹ́ta, búráùn. Ó so ó sétí ìbọ̀sẹ̀, ó so ó sọ́rùn súwẹ́tà, nígbà tí wọ́n sì kó dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń gbé ní North Peckham Estate, ó so ó mọ́ gbogbo wáyà tí Làtíìfù bá fẹ́ tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi fọ ọkọ̀ rélùwéè ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ìka rẹ̀ ló ń bá a kà á. Àsúmáù ò sì ṣì í so rí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó lé lógójì ọdún, kò ṣì í so rí.

Látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìdarí kan ṣoṣo ló wà fún ojú irin inú yàrá yẹn. Kọntírólà ni wọ́n ń pè é. Tí èèyàn bá yí i, iná á wọ gbogbo ojú irin lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lórí rẹ̀ á gbéra pọ̀, wọ́n á sì dúró pọ̀. Ọwọ́ Làtíìfù ni kọntírólà náà máa ń wà. Àsúmáù á jókòó tòun ti aṣọ tó ń rán, á ní, "Bàbá Àmínát, èmi náà fẹ́ wa tèmi. Kí tèmi máa bọ̀ láti Ọ̀fà, kí tiyín máa bọ̀ láti Ìdó, ká pàdé l'Óṣogbo." Làtíìfù á ní, "Màá ṣe é." Ogún ọdún ló fi ń sọ pé òun máa ṣe é. Ó rí àyè ṣe afárá. Ó rí àyè ṣe iná ojú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ò lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí obìnrin yìí tọrọ, kò rí àyè ṣe é.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni Àmínát pe bàbá rẹ̀ sí kíṣìnnì. Ọ́fíìsì ilé ìwé kan ní East Dulwich ni Àmínát ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń wá kí wọn. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Daddy, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mummy bi mí léèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Iyọ̀ ni wọ́n fi sí tíì mi. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ rí GP, please."

"Kí ló ṣe ìyá ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Daddy. That's why. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò."

Inú bí Làtíìfù. Ó bí i gan-an ni. Ó ní ẹni bá ti ń dàgbà ló máa ń gbàgbé nǹkan, ó ní ṣé nítorí iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n á fi kọ orúkọ ìyàwó òun sínú ìwé ilé ìwòsàn. Ó ní, "Gbọ́ mi. Mo fẹ́ ṣe kọntírólà kejì sójú irin yẹn. Wáyà mẹ́rìnlélógún ni, ìyá ẹ ló máa so gbogbo ẹ̀. Ẹni tórí ẹ̀ ń dàrú ò lè so wáyà mẹ́rìnlélógún láìṣì í. Tó bá ṣi ẹyọ kan péré, èmi fúnra mi ni màá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí ò bá sì ṣì í, mi ò fẹ́ gbọ́rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ mọ́."

Àmínát ní, "Okay, Daddy."

Ẹ má jẹ́ kí ariwo ẹnu bàbá yìí tàn yín jẹ. Òun náà ti rí i. Ní January, ó bá Àsúmáù níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ẹja ní Rye Lane, ó dúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ní títì tó ti ń rìn láti 1984. Ó bi í pé kí ló dé. Àsúmáù ní òtútù ni. Làtíìfù di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n rìn wálé, òun náà sì sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Wáyà mẹ́rìnlélógún yẹn ló fẹ́ fi lé ẹ̀rù náà lọ.

Bernice, opó kan ní Nunhead tí ọkọ rẹ̀ náà máa ń ṣe irú ojú irin bẹ́ẹ̀ kó tó kú, ló fún un ní kọntírólà kejì. Iṣẹ́ ọ̀hún ò le láti ṣàlàyé. Làtíìfù gé ojú irin sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí iná má baà ti ọ̀kan wọ èkejì. Abala kọ̀ọ̀kan ní súwíìsì tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í sósì, abala yẹn á máa gbọ́ ti Làtíìfù. Tẹ́ ẹ bá tì í sọ́tùn-ún, á máa gbọ́ ti Àsúmáù. Wáyà mẹ́ta ló ń dé abala kan: pupa láti ara kọntírólà ọkọ, aláwọ̀ ewé láti ara ti ìyàwó, búráùn sì ni iná máa ń gbà padà sílé. Bí a bá ti gbé ọ̀kan sípò èkejì, ó parí.

Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, Àsúmáù á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìdì wáyà mẹ́ta á wà nínú agolo bísíkíìtì lórí itan rẹ̀, òwú dúdú á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á gé wáyà, á so kókó sí i, á nà án sísàlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Àtàtà iṣẹ́ ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n parí abala méjì, ìyẹn láti Ọ̀fà dé Òkúkù. Làtíìfù jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé kọntírólà Bernice lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

Àsúmáù rọra yí i. Ọkọ̀ gbéra ní Ọ̀fà. Ó yí i díẹ̀ sí i, ọkọ̀ sáré, ó tún yí i padà, ọkọ̀ rọra wọ Òkúkù, ó dúró. Obìnrin náà fi etí ìborí rẹ̀ bo ẹnu.

"Ó ń lọ, Bàbá Àmínát. Èmi ni mo ń wà á."

"Ìwọ lo ń wà á."

"Ẹ parí ìyókù kíá. Ẹ máa bọ̀ láti Ìdó. Mò ń dúró dè yín l'Óṣogbo."

Làtíìfù yíjú sí ògiri, ó ní eruku kó sí òun lójú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn bí ọmọ ìkókó. Ó ti dá a lójú pé òun ti borí Àmínát.

Ó wá ń kánjú. Abala kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, Àsúmáù ń so, òun ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dán an wò, ọkọ̀ Àsúmáù dé abala kẹta, ó kọ̀ kò gbọ́ ti Àsúmáù mọ́. Ìgbà tí Làtíìfù yí kọntírólà tirẹ̀ ló tó gbéra. Ó ní bóyá súwíìsì ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n dé abala karùn-ún, kọntírólà méjèèjì dún pẹ́rẹ́, iná ara wọn kú. Ó so abala kẹjọ tán, kò sí ọkọ̀ tó lè kúrò lójú kan mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo wí nìyẹn. Ó pààrọ̀ súwíìsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó fọ gbogbo ojú irin, ó tú ike ó sì tún un fi. Ohun kan ṣoṣo tí kò yẹ̀ wò ni kókó Àsúmáù.

Ó pe Bernice lórí fóònù. Bernice ní ọ̀rọ̀ wáyà yìí ò ju àwọ̀ lọ, kó wá ẹni tó ń rí àwọ̀ dáadáa kó bá a pè é níkọ̀ọ̀kan. Làtíìfù ní ẹni tó ń rí àwọ̀ wà nílé, òun ló so ó. Ó já fóònù mọ́ obìnrin ọlọ́bìnrin lẹ́nu. Ìwà burúkú gbáà ni, ẹni tó fún èèyàn ní kọntírólà ọ̀fẹ́.

Ọjọ́ Sunday, Àmínát dé, ó bá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ níta, ìyókù ara rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, bí mo ṣe fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan. Àsúmáù wà ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ. Làtíìfù ò kí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Wọlé wá síbí. Dùbúlẹ̀ tì mí. Máa pe àwọ̀ wáyà fún mi, kí n lè pa Bernice lẹ́nu mọ́."

Mo rò pé ó ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ pa Bernice lẹ́nu mọ́.

Àmínát bọ́ bàtà, ó ká ìborí rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, ó wọ abẹ́ tábìlì. Bàbá gbé tọ́ọ̀ṣì fún un, ó di ojú ara rẹ̀, ó na ìka sí wáyà àkọ́kọ́ ní Ọ̀fà.

"Pupa," ni Àmínát wí.

Kókó kan. "Ó dáa."

"Gíríìnì."

Kókó méjì. "Ó dáa."

"Búráùn."

Kókó mẹ́ta. Abala kejì, bákan náà ló rí. Làtíìfù mí kanlẹ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n sún sí abala kẹta.

"Gíríìnì."

Kókó kan ló wà lábẹ́ ìka Làtíìfù.

"Tún un wò."

"Gíríìnì ni, Daddy."

"Fi tọ́ọ̀ṣì sí i dáadáa."

"Mo ti fi sí i. Gíríìnì ni."

Ó fi ìka gun wáyà náà, ó sọ̀ kalẹ̀, bóyá kókó kejì ti yọ̀ sísàlẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Abala kẹrin, Àmínát pe pupa, ìka rẹ̀ ka mẹ́ta. Abala karùn-ún, ó pe búráùn, ìka rẹ̀ ka mẹ́rin. Kò sí àwọ̀ tó ń jẹ́ mẹ́rin láàárín tọkọtaya yìí. Abala kẹfà, kókó méje. Àmínát ń pè é lọ, kò kúkú mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń kà. Nígbà tí wọ́n dé abala kẹjọ, Làtíìfù fi ìka lé wáyà tó kẹ́yìn, òwú kún ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kókó tẹ̀ lé kókó, ìka rẹ̀ sì ń gbà wọ́n lọ bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Ó ka mọ́kànlá. Ó ka ogún. Ó kà á kọjá ọgbọ̀n, ó fi í sílẹ̀.

"Gíríìnì ni èyí, Daddy. Daddy?"

Àmínát yí tọ́ọ̀ṣì, ó rí ojú bàbá rẹ̀. Ó wá wo òwú ara wáyà náà, ó wò ó pẹ́. Ó ti mọ ìtumọ̀ kókó láti kékeré, òun náà ti wọ ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n so kókó sí.

Làtíìfù sunkún lábẹ́ tábìlì yẹn. Mi ò ní sọ fún yín pé eruku ni. Ohun tó dùn ún jù ni pé abala kẹta, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Àsúmáù ti so ó, ọjọ́ kejì ọjọ́ tó wakọ̀ dé Òkúkù. Ọjọ́ yẹn náà ni iyè rẹ̀ ti ń lọ. Ogún ọdún tí ojú ẹ̀ fi mọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ fi dá ṣáká, "màá ṣe é" ni òun ń fi dá a lóhùn.

Àmínát di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A lè tún un ṣe, Daddy. Ẹ gbọ́, èmi á máa pe àwọ̀, ẹ̀yin ẹ máa so ó. Two weekends, ó ti parí."

"Ta ló máa wà á?"

Lánàá òde yìí, Làtíìfù ti na ìka sí ibùdókọ̀ Òṣogbo lórí tábìlì, ó fi ṣe àwàdà pé àdéhùn wọn dà. Àsúmáù wo ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó mà dáa o. Ta ló ń gbé ibẹ̀?" Làtíìfù ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó wá sọ ọ́ fún Àmínát níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, ó ní, "Pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti sọ pé èmi ni màá mú un lọ. Èmi náà ni màá mú un lọ."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àsúmáù ló wọlé, ó gbé agolo bísíkíìtì mọ́yà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí wọn lábẹ́ tábìlì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kò tíì máa lọ ni?"

"Kò tíì máa lọ," ni Làtíìfù wí.

"Ṣé kókó mi ni?"

Làtíìfù rá jáde, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dìde dúró. Ó nu ojú rẹ̀ nù.

"Rárá o. Kókó ẹ pé. Ojú mi ni."

Àsúmáù mi orí, ó ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yé e yékéyéké. "Ojú yín. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìbẹ́pẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ọ̀fà gan-an, ẹ̀rín ojú fèrèsé. Àmínát jáde lábẹ́ tábìlì, ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá lọ sí kíṣìnnì, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Ẹ fún mi níṣẹ́," ni Àsúmáù wí. "Ọwọ́ mi dilẹ̀."

Kò síṣẹ́ kankan. Wáyà tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn, títú ló kù. Làtíìfù fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó ní kó jókòó, ó ní abala kan ṣì kù. Àsúmáù jókòó, ó ṣí agolo, ó fa wáyà kan jáde, ó gé e gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe é. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àmínát, àwọ̀ wo lèyí?"

Látọjọ́ tí ọ̀gá ti da wúlù sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, kò sẹ́ni tó tíì bi Làtíìfù ní ìbéèrè yẹn. Obìnrin yìí ló ti ń dáhùn rẹ̀ fún un. Ó tẹjú mọ́ wáyà náà. Ẹrẹ̀ ló rí.

Ó ní, "Pupa ni."

Àsúmáù so kókó kan. Ó wò ó, ó so èkejì, ó so ẹ̀kẹta. Làtíìfù jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga náà, ó ń gé òwú fún un.